Tọ́lá Gba Ìṣirò, Mo Ní Kó Jókòó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun tipẹ́. Ní Sunday tó kọjá, ìyá ọmọ tí mo ṣẹ̀ tún dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní apá Jane and Finch, nílùú òyìnbó níbí. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ọ̀gá ilé ìwé ní òun ń bọ̀ wá wo kíláàsì mi: kí n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí n gbé ìṣòro kan fún wọn, kí àwọn fúnra wọn jọ wá ojútùú ẹ̀. Tó bá dáa, wọ́n á gbà mí pátápátá.

Ẹ̀rù bà mí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ti kọ́ wọn ní ìdáhùn, mo sì pín ohun tí kálukú máa sọ. Tọ́lá nìkan ni kò wá, ara ẹ̀ ò yá.

Nígbà tí ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì, Tọ́lá náà ti wà níbẹ̀. Ìṣirò náà rèé: ẹ ní wáyà ogójì mítà, ẹ fẹ́ fi ṣe ọgbà ewébẹ̀ tó tóbi jù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ Tọ́lá ka tiwọn: mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá yíká. Ni Tọ́lá bá nawọ́. Ó ní ògiri ti wà níbẹ̀, kí la tún ń fi wáyà ṣe lápá ibẹ̀? Ó ní tá a bá fa ogún mítà síwájú, mẹ́wàá-mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọgbà náà á di ìlọ́po méjì.

Òótọ́ ni. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Èmi ni mo fi ògiri kún ìṣirò àtijọ́ kan, mi ò yí ìdáhùn padà. Àmọ́ ọ̀gá ń wò mí.

Mo ní, "Tọ́lá, jókòó. Fetí sí àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, Tọ́lá ò sì nawọ́ mọ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí ìṣirò tó rọrùn, èyí tí kò lè gbé e dé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tó ń fẹ́. Ìyá ẹ̀ wá bi mí bóyá kí òun má gbà kó bọ́ sí i. Èmi aláìlójútì, mo ní kó má ni ọmọ lára. Ìyẹn ló ń dúpẹ́ ẹ̀ títí dòní.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ bá Tọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe shift ní Markham, ìlú tó wà nítòsí wa. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ya ọgbà náà sẹ́yìn rìsíìtì, mo ní òun ló gbà á, èmi ni mo ṣì í. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"It's okay, Auntie. You're just being nice. I was never good at math."

Ó bá lọ dá oníbàárà lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo lè sọ fún ìyá ẹ̀, kó bú mi, kó dárí jì mí, bó bá ṣe wù ú. Ìyẹn ò ní kan Tọ́lá. Irọ́ tí mo pa fún ọmọ yẹn ló gbà gbọ́. Òótọ́ tí mo wá sọ, àánú ló pè é. Ta ni kí n wá rán sí i?