Pèrègún Mẹ́rìnlá Tí Mo Sun

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ okun o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ìyá Tiwaladé, ìyàwó wa, okun o. Ọlọ́run nìkan ló lè tù ọ́ nínú, èmi ò lè tù ọ́ nínú.

Fún àwọn àlejò tó ti Egbe àti Mopa wá, Ọbayẹmí lorúkọ mi. Èmi àti Benjamin tó sùn síbí yìí la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì kìíní, a sì jọ ń jẹ iyán nínú àwo kan náà títí di oṣù tó kọjá. Àwọn ẹbí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá parí, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ fún mi.

Tíṣà ni gbogbo yín ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó rí ìwé kan nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí òyìnbó míṣọ́nnárì kan fi sílẹ̀, tí kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Ìtàn abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀: ìjọ ibẹ̀, ìjòyè tó ni ilé ńlá àti oko, àti àbàtà tí wọ́n ti ń pín láàárín ara wọn láti ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Abẹ́ máńgòrò ló ti ń kà á fún mi. "Ọbayẹmí, gbọ́ o! Opó kan nìyí, àbàtà tirẹ̀ kò ju iyàrá méjì lọ, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tirẹ̀ ni. Egungun rẹ̀ ti di erùpẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kì í ṣe tirẹ̀." Ó tún kà á pé lọ́dọọdún, àlùfáà wọn a kó ìjọ jáde láti rìn yí ààlà ká, wọn a sì fi ìdí àwọn ọmọdé gbá òkúta ààlà kí wọ́n má baà gbàgbé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé, ó ní, "Àwa ńkọ́? Ta ló kọ ti àkùrọ̀ Àwẹ̀ sílẹ̀?"

Kò sẹ́ni. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ àkùrọ̀ Àwẹ̀, èyí tí àwọn ìjọba ń pè ní fadama. Ibẹ̀ là ń gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sí nígbà tí ilẹ̀ yòókù bá gbẹ. Kirisẹ́ni ń ro níbẹ̀, Mùsùlùmí ń ro níbẹ̀. Pèrègún mẹ́rìnlá làwọn baba wa gbìn sójú ààlà rẹ̀. Benjamin ń ti ìdí ọ̀kan bọ́ sí ìdí ìkejì, ó ń bi àwọn àgbàlagbà, ó ń kọ ọ́. Bàbá Michael tí kò lè rìn mọ́, Benjamin ní kí wọ́n gbé e tàga-tàga wọ inú ẹrẹ̀ kó wá fi ààlà hàn òun. Òjò ń rọ̀, Bàbá ń ṣépè, Benjamin ń kọ̀wé lọ. Olóríkunkun ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa.

Olóore sì ni. Ẹ bi Emmanuella tó jókòó lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àbúrò ọkọ fẹ́ gba àkùrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Benjamin lọ dúró sínú omi tó mù ún dé orúnkún, láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń ka ààlà náà sókè nínú ìwé rẹ̀, léraléra, títí ọkùnrin yẹn fi gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sílé.

Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, ojú ń dun Benjamin, ó lọ gbàtọ́jú ní Egbe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Ẹgbẹ́ Ọkùnrin ìjọ wa, tí èmi jẹ́ olórí rẹ̀, lọ ṣán ẹ̀bá àkùrọ̀ kí a lè rí ibi ṣe ìsìn ìkórè. La bá rí aṣọ funfun lára pèrègún kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti ń bọ òrìṣà níbí." Ẹnì kan ní ká bi Tíṣà ná. Mo ní kí la fẹ́ bi í, ṣé ojú wa fọ́ ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé àdá. A gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, a hú gbòǹgbò wọn, a dáná sun wọ́n. Èmi náà ni mo dá orin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Benjamin ló so aṣọ funfun yẹn. Aṣọ ìbusùn rẹ̀ àtijọ́ ló fà ya, kí ojú rẹ̀ tó ń ṣú lè máa rí igi kọ̀ọ̀kan kà.

Nígbà tó dé, ó lọ dúró síbẹ̀. Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ọbayẹmí, ìdí pèrègún ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo kọ." Ìwé náà wà lọ́wọ́ Tiwaladé ọmọ rẹ̀, ẹ lọ wò ó. "Ti Emmanuella: láti ìdí pèrègún kẹfà dé ìkẹjọ, títí dé etí odò." Kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkẹfà dà? Ìkẹjọ dà?

Ó ní, "Mo ṣì mọ ibẹ̀. Wá ní Sátidé, màá fi hàn ọ́, ìwọ ni wàá gbẹ́ ihò." Ó gé ẹ̀ka pèrègún mẹ́rìnlá níbòmíràn, ó kó wọn sínú báàfù omi, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní ká kórè tán. A kórè tán, mo ní ká ṣe Kérésìmesì. A ṣe Kérésìmesì, mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún ò dùn mí o. Ojú ló ń tì mí. N ò fẹ́ kí ará ìlú rí mi níbi tí mo ti ń gbin ohun tí mo sun. Gbogbo Sátidé ló ń wá, á pààrọ̀ omi inú báàfù, á kí ìyàwó mi, á lọ. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó ní àyà ń dun òun. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kú.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ń fẹ́ gbogbo àkùrọ̀ Àwẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá lè fi ojú ààlà rẹ̀ hàn, kò ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò fi hàn wọ́n? Bàbá Michael ti kú. Benjamin nìyí. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo rìn títí, òjò ti gbá eérú pàápàá lọ. Emmanuella, ọmọ mi, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, mo gbà. Mo wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí màá sọ fún yín níbí, n ò rí i.

Benjamin, ó ku ìwọ. Máa lọ, ọ̀rẹ́ mi. Kí ilẹ̀ gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, kí ojú rẹ ríran kedere. Bí o bá pàdé opó òyìnbó yẹn, kó mú ọ rìn yí iyàrá méjì rẹ̀ ká, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Bí àwọn baba wa bá bi ọ́ léèrè pèrègún wọn, sọ fún wọn pé èmi ni, kì í ṣe ìwọ.

Àwọn ẹ̀ka inú báàfù ti ta gbòǹgbò. Lọ́la, tí wọ́n bá bò ọ́ tán, màá gbin ọ̀kan síbi orí rẹ, màá gbin ọ̀kan síbi ẹsẹ̀ rẹ. Ti ìwọ nìkan ni mo mọ ojú ààlà rẹ̀. Méjìlá tó kù, n ò mọ ibi tí màá gbìn wọ́n sí.