Èmi Ni Mo Gbé Jẹjẹrẹ Gun Orí Sítéèjì

Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun àbùùbùtán. Tí n ò bá pọ̀ ọ́ lónìí, á pa mí. Ẹ̀yin ará Festac tẹ́ ẹ ń sọ pé ayé ló lé Àǹtí Àsmá'ù kúrò lọ́sibítù, ẹ yéé bú ayé. Èmi Rùfáì, àbúrò rẹ̀, èmi ni ayé ọ̀hún.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo pariwo ní Mile 2 pé erin jábọ́ látorí tírélà, tí ìdajì Èkó sá wọ gọ́tà. Nígbà tí wọ́n rí kókó lọ́mú ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo bá a lọ ṣe ògbufọ̀ lọ́sibítù, torí Dókítà Bernice ò gbọ́ Yorùbá, èmi sì kàwé díẹ̀ kí n tó fo fẹ́ńsì sá kúrò níléèwé. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n sítéèjì wáànù, ìpele àkọ́kọ́, ló wà: kókó náà kéré, kò tíì rìn. Òun nìkan làwọn máa yọ, ọmú á wà níbẹ̀, wọ́n á fi iná ẹ̀rọ jó ibẹ̀ kó má baà padà. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó bá tètè wá báyìí ló ń bọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayọ̀! Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi, olórí burúkú. Mo fajú ro bíi lèmọ́mù tó ń sìnkú, mo ní, "Àǹtí, jẹjẹrẹ yín ti gun orí sítéèjì o, ó ń jó! Wọ́n á gé ọmú méjèèjì kó má baà jó dọ́rùn."

Mo ń retí àbàrá. Ó kàn ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí?" Kí n tó sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó ti sá jáde, eré tí ọ̀kadà ò lè sá. Ó forí pamọ́ sọ́dọ̀ Juliana ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá, ó ń mu àgbo. Mo ní ọ̀la ni mo máa sọ òótọ́. Ọ̀la ń bí ọ̀la títí Iléyá fi kọjá.

Èyí tó burú jù nìyí. Dókítà pè mí: "Ẹ̀gbọ́n ẹ dà? Àsìkò yìí ni ìwòsàn rẹ̀ rọrùn." Ẹ̀rù bà mí, mo ní ó ti lọ Mẹ́kà. Mẹ́kà! Ẹni tí mo lè sọ òkúta kàn! Mo tún ní á mú èso dàbínù bọ̀ fún un.

Ìgbà tí kókó yọ lábíyá ni Juliana wọ́ ọ padà. Dókítà ní ìrètí ṣì wà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń mú irun re ló máa ṣáájú iṣẹ́ abẹ báyìí. Ibẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó ní, "Rùfáì, ṣé o tiẹ̀ ráyè rín ẹ̀rín yẹn?"

N ò rín in.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi baba mi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ fi orí mi ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn sí yín lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e fún yín.