Awọ Irin Ni Mo Fi Hàn Wọ́n

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń gbàdúrà ní Fante New Town nílẹ̀ Asante yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja fún ọdún méjì. Bí n kò bá tu ú síta lónìí, àdúrà mi kò ní kọjá òrùlé. Èmi Ọlápàdé, ọmọ alágbẹ̀dẹ àdúgbò Alabar, ọmọ a-fi-iná-ṣeré, ọmọ a-lu-irin-bí-ẹni-ń-lu-aṣọ, mo purọ́ mọ́ irin, mo sì purọ́ mọ́ ènìyàn.

Jíà, irin eléyín tó ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, ni à ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Bí a bá sun irin títí ó fi pọ́n, tí a rì í bọ epo, gbogbo ara rẹ̀ ló yẹ kó yí padà, kó le. Ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù tí kò yí. Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ń pè é ní ọ̀lẹ inú irin. Bí ó bá pọ̀, ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ jíà náà lára ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, yóò wú, jíà yóò sì fọ́. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ wọn ọ̀lẹ yìí, kí á mọ iye rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Awọ irin nìkan ni ẹ̀rọ náà ń rí. A kì í fi òkúta lọ ojú irin tí a fẹ́ wọ̀n, torí lílọ̀ ń jí ọ̀lẹ tó wà lójú, ti inú á ṣì máa sùn, iye tí ẹ̀rọ á pè á sì kéré ju òtítọ́ lọ. Ásíìdì ni a fi ń jẹ ojú rẹ̀ kúrò.

Kwaku ló ń tọ́jú iléru. Ọmọ Asante ni, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó wá bá mi, ó fi èdè wọn pè mí ní ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀ mí: “Wofa Pàdé, mepa wo kyɛw, iná lọ sókè jù lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi wọn èyí dáadáa. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ jẹ́ ká dá a padà síná.” Mo ní, “Ṣé o sùn ni?” Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà lé irin lórí, ẹ ò gbàdúrà lé tòní ni!” Mo dé ìdí iṣẹ́, ásíìdì ti tán. Èmi ni mo gbàgbé láti sọ pé kí wọ́n ra òmíràn, èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé n kì í gbàgbé. Bright, ọ̀gá wa, yọjú: “Chale, Bàbá Pàdé, mọ́tò àwọn oníjíà ti dé o!” Ojú tì mí láti sọ pé mo gbàgbé. Mo fi òkúta lọ irin náà títí ó fi ń dán. Ẹ̀rọ pe mẹ́fà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kwaku dúpẹ́: “Medaase, Wofa.”

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, jíà kan lára tọjọ́ náà fọ́ nínú ẹ̀rọ Rashida, opó tó ń lọ àgbàdo ní Ashanti New Town. Èérún irin fọ́ ojú rẹ̀ òsì. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, “Bàbá, alhamdulillah, ọ̀kan ṣẹ́kù,” ó sì bu omi fún mi mu. Mo mu ún, èmi ìkà!

Èyí tó burú jù ṣì wà lẹ́yìn. Bright pè wá jókòó. Ó ní ìwé ìwọ̀n mi kò ní àbùkù, nítorí náà ìdí iléru ni àṣìṣe ti wá: Kwaku ló ba irin jẹ́ tó sì pa á mọ́. Kwaku kọjú sí mi: “Mo sọ fún Wofa. Wofa, ẹ bá mi sọ fún wọn.” Bright ní, “Bàbá, ṣé ó sọ fún yín?” Ẹnu tí mo fi ń kì Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, òun náà ni mo fi sọ pé, “Rárá, kò sọ nǹkan kan.” Kwaku ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà, kò sì sí iléru tó tún gbà á. Wọ́n ní ó ń fi àléébù pamọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a níbi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó kí mi káàárọ̀: “Wofa, maakye.” Mo padà síbi iṣẹ́. Mo wá ìyókù irin ọjọ́ náà jáde, mo fi ásíìdì jẹ ojú rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìwé rẹ̀ rèé. Lọ́la màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Rashida. Lọ́jọ́ Ajé màá mú ìwé yìí lọ bá Bright. Bó bá lé mi, bó fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, n kò ní jiyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá gbàgbé, ẹ sọ pé ẹ gbàgbé rẹ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Kwaku, èmi ni mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá. Dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é lónìí, má lọ ṣá. Dìde dúró, kí gbogbo ìjọ rí ọ. Ẹ wò ó dáadáa, ará: ẹni tó sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.