Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Mi Ni Kámẹ́rà Ń Dúró

Ọmọ tí mo fi ẹja gbígbẹ tọ́ ti ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, n kò ṣì í sọ. Ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́ tó kọjá, Rúkáyà, ọmọ mi kan ṣoṣo, wọ ọkọ̀ wá láti Ọ̀kà níbi tó ti wà nílé ọkọ. Ó gba iwájú ìsọ̀ mi, ó ní "Ẹ kú ọjà o" bí ẹni ń kí àjèjì, ó sì lọ dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó kọjú sí mi. Ó ń gbé ẹja sí imú, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bí mo ṣe kọ́ ọ. Obìnrin yẹn ń wò mí, kò mọ̀ bóyá kí òun tà á ni àbí kí òun má tà á. Mo fi ojú sọ fún un pé kó tà á. Ṣé kí n wá máa sunkún láàárín ọjà ni? Èmi kọ́! Àwọn tá a jọ ń tajà ti sọ mí ní Ìyá Panápaná, nítorí pé mo pa iná onífótò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi. Wọ́n ní ahun ni mí. Wọ́n ní ojú mi ò là. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín, kí ẹ wá sọ ibi tí mo ti jẹ̀bi.

Rúkáyà ò tíì lè pe "bàbá" já gaara nígbà tí àìsàn dá bàbá rẹ̀ wólẹ̀. Kó tó kú, ó pè mí mọ́ra, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, ó ní kí n tún un sọ fún òun. Mo tún un sọ, ó ní kò pé. Mo tún un sọ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, "Ọjọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ, tó bá kúnlẹ̀ fún ọ, ni kí o sọ ọ́ fún un. Má sọ ọ́ ṣáájú. Má sì sọ ọ́ lójú èrò." Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ẹni ru omi kíkún. Ìwé mi ò jìn, inú mi ni mo kọ ọ́ sí. Mo ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n tí mo bá ń to ẹja sórí àtẹ, mo ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, kó má baà jábọ́. Ọmọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń dúró de òun. Nígbà tó wà ní kékeré, á ní, "Màámi, ẹ sọ díẹ̀ níbẹ̀," màá ní kó lọ wá ọkọ ná.

Ọkọ wá dé lóòótọ́, ọmọ Ọ̀kà, ọmọlúàbí ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Òun àti Rúkáyà wá bá mi pé àwọn ti rí onífótò kan ní Àkùngbá tó máa kọ́fà gbogbo ọjọ́ ìgbéyàwó, láti ìgbà tí ìyàwó bá lajú títí wọ́n á fi mú un wọ ilé ọkọ. Mo ní, "Kọ́fà kẹ̀? Tí òjò bá ṣú, tapólì ni mo fi ń kọ́fà ẹja mi, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Kí lẹ fẹ́ kọ́fà ìgbéyàwó ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọkùnrin náà ní, "Rárá Mà, ó túmọ̀ sí pé kò ní sí ohun tí kò ní yà ni." Mo ní ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn. Mo ní kó ya yìgì, kó ya jíjẹ mímu, kó ya àwọn àna bí wọ́n bá ń jó, kó ya èmi náà pẹ̀lú gèlè mi, èmi náà fẹ́ràn fótò. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni kó dúró. Ìgbà tí ọmọ mi bá kúnlẹ̀ fún mi kì í ṣe ti kámẹ́rà. Rúkáyà wo ilẹ̀, ó ní, "A ti gbọ́, Màámi." Ẹ gbọ́ ohun tó wí: a ti gbọ́! Àwa tá a ń tajà mọ̀ pé kọsítọ́mà tó bá ní òun ti gbọ́ kò tíì gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ yìgì, mo ti ilẹ̀kùn, ó ku èmi àti òun. Ó kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo pe oríkì rẹ̀. "Àdùkẹ́," mo ní, "bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé..." Omijé bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ojú ọmọ mi ò sí lára mi. Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń rọra yí èjìká bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀. Kí n tó yíjú, iná funfun tàn wàà láti ẹ̀yìn kọ́tìnì tí mo ta bo àwọn aṣọ mi. Onífótò ti wà níbẹ̀ kí n tó wọlé!

"Mọ́mì, ẹ dúró, ẹ dúró!" ló ń wí. "Ẹ̀yìn lẹ kọ sí mi. Ẹ bọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ padà láti 'bàbá rẹ ní.' Ẹ sì jẹ́ kí omi ojú yẹn tún dà, ó dáa gan-an."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀rọ omi ni mí ni?" Mo wo ọmọ mi, mo rò pé òun ni yóò lé e jáde. Ó ní, "Màámi, ẹ kàn tún un sọ. Ṣebí nǹkan kan náà ni."

Nǹkan kan náà! Mo já iná gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, mo sọ ọ́ gba ojú fèrèsé síta, ó fọ́ yángá níwájú àwọn àna tó ti Ọ̀kà dé. Mo ti ra òmíràn fún un o, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní olè. Rúkáyà bú sẹ́kún, ọ̀ṣọ́ ojú rẹ̀ ṣàn dé ọrùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un lọ, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sì kù sí mi lẹ́nu. Ìyá ọkọ rẹ̀ ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Ìyá ìyàwó, irú kí lèyí? Ohun tí gbogbo ayé fẹ́ wò!" Mo ní, "Gbogbo ayé kọ́ ni mo bí."

Ọkọ rẹ̀ ti wá bẹ̀ mí. Ó ní, "Mà, Rúkáyà ò mọ ojú bàbá rẹ̀. Ó ní tí ẹ̀yin náà ò bá sí mọ́, kí lòun máa fi gbọ́ ọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ṣé ahọ́n ò sí lẹ́nu ọmọ mi láti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni, kó tó fi èèyàn pamọ́ sáàárín aṣọ mi? Ṣé kámẹ́rà ni bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ sí mi nínú? Ojú mi ló ń wò, ojú rẹ̀ ni mo ń wò, ìdí nìyẹn tí kò fi jábọ́ títí dòní. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n kọ́fà ọjọ́ náà lóòótọ́, bí mo ṣe ń kọ́fà ẹja mi: ọmọ mi kúnlẹ̀ síwájú mi, kò rí mi.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ fi ẹnu kò síbi tí fótò máa dé. Bí wọ́n bá ní àwọn ti gbọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà. Kí ẹ sì tú kọ́tìnì wò! Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n sọ ohun tí ọkọ mi wí, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Ẹni kan ló ni ín. Tí ẹ bá mọ Rúkáyà ní Ọ̀kà, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ṣì pé lẹ́nu mi, mo ṣì ń sọ ọ́ sí ara mi nídìí àtẹ. Kó wá gbà á kí n tó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni kó gbé wá.