Wákàtí Méjìlá Tí Mo Fi Kún Ìṣirò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Ọkọ mi, ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi, gbé báàgì ẹ sílẹ̀, ilé ẹ ò kúkú jó. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí àwa mẹ́ta jọ ń ṣiṣẹ́ áńbúláǹsì. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, yóò bá mi wọ sàréè.

Ẹ rántí pé yàtọ̀ sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi ni mo tún ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́. Kálukú á tẹ wákàtí òru rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kọ̀ǹpútà á rò ó pọ̀ fúnra rẹ̀, á sì tẹ ìwé jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Nọ́ọ̀sì tí òru rẹ̀ bá pọ̀ jù á bọ́ sí ojúmọmọ, èyí tí tiẹ̀ kéré jù á gba òru. Ọkọ mi, ojú yín kì í ríran dáadáa lálẹ́, ojúmọmọ nìkan lẹ ń wakọ̀. Ẹ máa ń súfèé bí ẹ bá ń yí ọkọ̀ padà. Súfèé ọ̀hún ò tilẹ̀ dùn, àmọ́ ó kó sí mi lórí. Àgbà òmùgọ̀ ni mí.

Mi ò fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni yóò bá níbẹ̀. Inú ìṣirò ni mo wọ: mo ní kí kọ̀ǹpútà máa fi wákàtí méjìlá kún tèmi nìkan kó tó tẹ ìwé jáde. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣe òru jù lọ nìyẹn, èmi tí mo ń sùn nílé. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ń sọ fún ayé pé kọ̀ǹpútà ló yan aya fún yín. Irọ́ ni o, èmi ni mo yàn yín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, oorun ẹlòmíràn ni mo fi ṣe é.

Adúmáadán, ìwọ ni òru náà já lé. Ìkókó wà lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn. O wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ọmú ti rin aṣọ iṣẹ́ ẹ gbingbin, o ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wò ó, ṣé kọ̀ǹpútà yìí ò ṣì í ṣe? Ọmọ mi ò gba ìgò, ńṣe ló ń sunkún mọ́jú." Mo lè pa wákàtí méjìlá náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú." O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! O tún gé nínú búrẹ́dì ẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ìkà ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wa, tí òun náà ń tọ́ ìkókó lọ́wọ́, ti ibi iṣẹ́ òru dé, omi ọmú ti rin aṣọ tiẹ̀ náà, ó bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tìẹ ni mo rí.

Mi ò ní sọ pé ìfẹ́ ló fà á, ìfẹ́ ò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ọwọ́ mi ni. Dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi. Bí kò bá sì ṣeé ṣe lónìí, mo bẹ̀ ẹ́, má dìde kí o tó bú mi tẹ́rùn.