Wáyà Méjì Láti Témà

Ẹ̀yin ará Òtò, ẹ̀yin ará Ìdó, ẹ̀yin tí ẹ ti wo eré mi rí ní Surulere tí ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rín yẹn kalẹ̀ ná. Èmi Láyí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Láyí Jagajaga, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mi ò gbé e mì, mi ò pọ̀ ọ́ jáde. Dókítà ti yẹ kíndìnrín mi wò, ó wo ojú ìyàwó mi, ó sì wo ilẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe eré orí ìtàgé, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ bá dédé ń wo ilẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó fa aṣọ ìtàgé dé mi lójú, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mi ò jalè o. Ì bá ṣe olè ni, ì bá rọrùn. Ohun tí a bá jí ṣeé dá padà.

Ọdún 1988 ni. Ọkọ̀ ojú omi kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Àrẹ̀mọ Òkun. Kì í kó ẹrù. Èrò afẹ́ ló ń kó láti Àpápá dé Lọmé, dé Témà, dé Abidjan, tòun torin tòun tọtí. Ká sọ tòótọ́, nínú gbogbo àwa tí à ń pariwo rẹ̀ ní Òtò, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lágbára àtiwọ̀ ọ́. Ọdún tí gàrí ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ afẹ́? Ṣùgbọ́n a fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Tó bá ń wọlé, a óò tò sétí omi ní Ìdó, a óò máa wo òpó èéfín rẹ̀ lókèèrè, a óò sì máa bá ara wa jiyàn lórí iye fèrèsé rẹ̀. Bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iwájú ṣọ́ọ̀bù Dàda tó ń kọ pátákó la ti ń pàdé. Èmi ni wọ́n fi ṣe oníròyìn ẹgbẹ́, nítorí pé mo ti ṣe àwàdà nínú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ akọ̀wé kan ní Àpápá.

Nígbà tí wọ́n ní Àrẹ̀mọ Òkun ń lọ sí dọ́ọ̀kì gbígbẹ ní Témà, ní ilẹ̀ Gánà, fún àtúnṣe, ṣe ló dà bí ẹni pé ìyàwó ilé wa ń lọ bímọ. Dọ́ọ̀kì gbígbẹ ni ibi tí wọ́n ti ń fa omi kúrò lábẹ́ ọkọ̀ kó lè jókòó sórí igi, kí wọ́n ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì àti àga inú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta, wọ́n ní. Dàda ya òkun sára pátákó ńlá kan, ó fi ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ti sún, èmi ni mo máa sún ìdérí. Lọ́jọ́ kẹta, mo kan ìdérí mọ́ Témà. Ariwo sọ, wọ́n gbé mi sókè bí ẹni pé èmi ni mo wa ọkọ̀ débẹ̀.

Ìyẹn ni òótọ́ tí mo sọ kẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé akọ̀wé mi kúrò ní Àpápá. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. “Ẹ padà wá lọ́la.” Mo padà lọ́la. “Ọ̀gá ò sí nílé.” Inú bí mi, ó bí mi débi pé mo bá ẹnu ọ̀nà wọn jà. Ṣé kí n wá lọ dúró níwájú ogójì èèyàn kí n ní mi ò gbọ́ nǹkan kan? Èmi Láyí? Mo la ẹnu, irọ́ jáde, ó wọ bàtà, ó ń jó. “Wọ́n ti ń kùn ún ní funfun!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, “Wọ́n ti fi sinimá sínú rẹ̀!” Ìyá Mabel tó ń ta kẹrosíìnì nawọ́ sókè: “Ẹ̀gbọ́n Láyí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n tún un ṣe?” Mo ní, “Àǹtí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ báyìí, ẹ lè jẹun níbẹ̀.” Ó ní, “Ẹ máa jẹ tiyín níbẹ̀!” Gbogbo wọn wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta di mẹ́rin, mẹ́rin di márùn-ún, ẹ̀rín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan. “Láyí, ọkọ̀ dà?” Mo ń sùn, mo ń gbọ́ ọ: ọkọ̀ dà, ọkọ̀ dà. Mo bá fi ẹnu ara mi ṣẹ́ ara mi lápá: mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ máa kúrò ní dọ́ọ̀kì.

Ẹnì kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé kì í ṣe fèrèsé ló ń bá kiri. Ọláníkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Ọkọ rẹ̀, Tìrìmísíyù, ni kúùkù inú ọkọ̀ náà. Ọwọ́ Ọláníkẹ́ mọ abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ò mọ̀wé. Ní gbogbo ìpàdé, yóò dúró kí ariwo lọ sílẹ̀, yóò wá rọra bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọn ò dárúkọ ọkọ mi nínú ìròyìn yín?” Èmi náà á ní, “Kúùkù kì í wọ ìròyìn, Àǹtí, àfi tí ọbẹ̀ bá jóná.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo ti ṣèlérí pé ọkọ̀ máa kúrò yìí gan-an, Ọláníkẹ́ na wáyà kan sí mi níwájú gbogbo èèyàn, ìwé tẹligíráàmù tí pósítọ́fíìsì ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbowó. Wáyà náà ti dé sí ṣọ́ọ̀bù Dàda lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, torí ilé Ọláníkẹ́ ò ní nọ́ńbà. Yẹ̀kínnì ló fi ránṣẹ́, ọmọ Òtò tó ń da epo sí ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, ọ̀rẹ́ Tìrìmísíyù tímọ́tímọ́. Ẹ sì mọ̀ pé wáyà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kì í fi sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni, kò ní ohùn. Ẹni tó ń kà á ló máa fún un lóhùn. Ohun tí mo rí ni: ARA OKO RE KO YA. Kí lẹ fẹ́ kí n kà níbẹ̀, èmi tí mo ti ń jẹ ọkọ̀, tí mò ń mu ọkọ̀, láti oṣù márùn-ún? Mo fò sókè. “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin aláìnísùúrù! Ara ọkọ̀ rẹ kò yá! Ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, kò tíì yá! Ṣé ọkọ̀ Ìbàdàn ni, tí agbèrò á kàn máa ké ‘ó yá, ó yá’ sí ní gáréèjì Ìdó?” Ẹ̀rín ta. Ìyá Mabel ní, “Ó ní ọkọ̀ rẹ! Ọláníkẹ́, o ti di ọlọ́kọ̀, má gbàgbé wa o!” Ọláníkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi gèlè bo ẹnu.

Mo fi Ọlọ́run búra, títí dé ibí yìí, àṣìṣe ni. Àṣìṣe kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́. Bí mo ṣe fẹ́ ká ìwé náà ni mo rí ìlà kejì: O NPE E. TETE WA. Ọkọ̀ wo ló ń pe èèyàn? Tó bá fun fèrè pàápàá, kì í pe Ọláníkẹ́ lórúkọ. Ara ọkọ rẹ̀ ni kò yá. Ọkùnrin kan wà lórí ibùsùn ní Témà, ó ń pe ìyàwó rẹ̀. Láti Ìdó sí Témà, tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní ṣú kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀, yóò rí ọkọ̀ náà. Yóò padà wá sọ ọ́ pé kò sí funfun, kò sí sinimá, Láyí òpùrọ́ ni. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀mí èèyàn kò ju pé kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ki ìwé bọ àpò. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹgbẹ́.” Ó kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo délé, mo fi iná sítóòfù jó o.

Mo ní ọ̀la ni n óò sọ fún un. Ibà lásán ni, ibà ń lọ ibà ń bọ̀. Mo kọjá níwájú máṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. “Ẹ̀gbọ́n, ara ọkọ̀ ti yá?” Mo ní, “Ó kù díẹ̀.” Mo kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kù díẹ̀. Irú ọ̀la wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi ń pe ọ̀la, tí ọkùnrin yẹn ń pe ìyàwó rẹ̀.

Wáyà kejì dé. Ọjọ́ Ìsinmi náà ni wọ́n gbé e fún mi, èrò pé bí omi. OKO TI LO. A SIN IN LANA. Mo mọ ohùn tó ni í. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ogójì èèyàn yẹn bí kò ṣe èmi. Ọkọ ti lọ. A sin ín lánàá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí Yẹ̀kínnì lè kọ “kú” sí obìnrin. Mo gbójú sókè, mo rí Ọláníkẹ́ tó di ọwọ́ mọ́ àyà, mo sì fi ohùn mi burúkú sí i: “Ọkọ̀ ti lọ! A sìn ín lánàá! Ó ti kúrò ní dọ́ọ̀kì, wọ́n ti sìn ín dójú omi!” Dàda na ọrùn wò ó láti ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, “Òótọ́ ni! Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀!” Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ bá mi jẹ́rìí èké. Wọ́n bú jáde, wọ́n ń jó lọ sétí omi Ìdó. Ta ló wà níwájú? Ọláníkẹ́ ni. Ó gbé bùbá tuntun tó rán fún Tìrìmísíyù lé apá, ó ń fi í juwọ́ sí òkun, opó ọjọ́ kejì ń jó. Èmi ni mo sì ń dá orin fún un.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Yẹ̀kínnì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Òtò, báàgì Tìrìmísíyù wà léjìká rẹ̀. “Ọkọ̀ dà?” la fi pàdé rẹ̀. Ó ní, “Ọkọ̀ wo? Ó wà lórí igi, ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Owó àtúnṣe ò dé. Wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn tó ń gé irin.” Ó wá rí Ọláníkẹ́, ó sì rí i pé aṣọ aláràbarà ló wọ̀. Báàgì já bọ́ léjìká rẹ̀. “Ìyàwó, ẹ ò gba wáyà mi ni? Ibà pọ́njú ló pa á. Mo ní kí ẹ tètè wá. Mo ní ó ń pè yín!” Dàda káwọ́ lérí: “Ọkọ ni, a kà á sí ọkọ̀!” Ọláníkẹ́ ò sunkún. Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n Láyí, ẹ̀yin lẹ kà á. Ṣé ó wà níbẹ̀ pé ó ń pè mí?” Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Mo ní, “Kò sí níbẹ̀, Àǹtí. Ìlà kan ṣoṣo ni.” Ó gbà mí gbọ́. Ó kọjú sí Yẹ̀kínnì: “Ahun! O ò lè fi ọ̀rọ̀ méjì kún un? O wá ń purọ́ mọ́ òkú kí n lè dárí jì ọ́!” Yẹ̀kínnì wò mí, ó wá gbé báàgì náà síwájú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ti gun igi irọ́ dé òkè, ẹ̀ka tó kù ló máa dì mú. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré! Mo pe eré náà ní Ahun Ọ̀rọ̀: ahun kan tó fẹ́ fi wáyà túfọ̀, tó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku orúkọ òkú nìkan. Mo ṣe é káàkiri Surulere, mo ṣe é ní Mushin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Yaba, ẹnì kan dìde láàárín èrò. Yẹ̀kínnì ni. Ó ní, “Láyí! Ìlà kejì dà?” Àwọn èèyàn rò pé ó wà nínú eré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà, ẹnu mi ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkàn mi: “Ahun ti jẹ ẹ́!” Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹ̀rín tó pọ̀ jù tí mo gbà láyé mi nìyẹn. Yẹ̀kínnì dúró ti ẹ̀rín náà títí ó fi rọlẹ̀, ó wá rọra ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n yẹ̀ fún òun, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, Ahun ni wọ́n ń pè é. Ó kó kúrò ní Òtò lọ sí Pápá Àjàó, níbi tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Orúkọ náà bá a débẹ̀. Àwọn tí kò mọ Tìrìmísíyù rí ń fi í pè é.

Ọláníkẹ́ wá kí mi lóṣù tó kọjá. Ó gbé ọsàn wá, ó bó o fún mi. Mo ní òní ni n óò sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀, bí i tàtijọ́.” Mo pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ wo irú ẹ̀dá tí mo jẹ́! Bó ṣe ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń dun òun títí dòní: ọdún mọ́kànlá lòun fi jẹ́ ìyàwó Tìrìmísíyù, kó wá kú lókèèrè kó má tilẹ̀ béèrè òun. Ó tilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo ní kí wọ́n gbé bébà wá.

Yẹ̀kínnì, o kọ ìlà méjì. Èmi ni mo jó o. Kí ẹnikẹ́ni tó bá tún pè ọ́ ní Ahun mọ̀ pé orúkọ mi ló ń pè. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ìwọ dárí jì mí bó bá wù ọ́, tàbí kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí kò mọ̀wé tó gbé ìwé fún yín, ojú rẹ̀ ló yọ fún yín yẹn. Ẹ má fi ṣeré.

Ọláníkẹ́ kò lè ka èyí. Ẹnì kan ní Òtò ló máa kà á fún un, mi ò sì mọ ẹni náà. Ìwọ ẹni náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́: jẹ́ kó jókòó kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe ohùn mi. Tí o bá dé ibi tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, gbé e mì. Tó bá ní kí o tún ibi kan kà, tún un kà, bó ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni. Bó bá sì bi ọ́ pé ṣé lóòótọ́ ni Tìrìmísíyù pe òun, má wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kí o wò.