Ìran Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí ní Spain

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ké Halelúyà. Mo mọ̀ pé àsìkò ẹ̀rí la wà, ẹ sì rò pé ọpẹ́ ni mo tún fẹ́ dá lórí Mummy mi. Kì í ṣe ọpẹ́ o. Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti oṣù kẹfà, bí mi ò bá sì sọ ọ́ kí ìsìn òní tó parí, ẹnì kan lè kú láàrin wa, mo sì mọ ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí, lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò yẹ lẹ́ni tó ń rìn sún mọ́ pẹpẹ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Tamílọ́rẹ, ọmọ Mummy Christiana tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Thamesmead níbí, ní London, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Spanish ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán wa lọ lo ọdún kan ní Granada, ní Spain, láàrin àwọn tó ni èdè. Ẹ̀yin náà lẹ da omi àdúrà sí mi lórí kí n tó lọ. Mummy wá bá mi dá májẹ̀mú. Wọ́n ní gbogbo Sátidé la ó jọ máa gbààwẹ̀ fún ìdánwò mi, èmi lọ́hùn-ún, àwọn níbí. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti London, èmi ni màá gbàdúrà ìparí, wọ́n á ṣe Àmín, ká tó jọ ṣínu. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é nínú ìjọ yìí: ẹni méjì tó bá so ààwẹ̀ pọ̀, ẹnì kan kì í dá a já. Mummy ní àtọ̀gbẹ, mo mọ̀. Wọ́n ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn náà mo mọ̀. Wọ́n tiẹ̀ sọ fún mi pé, "Tamí, títí di aago mẹ́fà, ara mi lè gbà á. Má ṣáà jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gba ààwẹ̀ yẹn. Ní Sátidé kejì, Mọ́wùnmí tó ń gbé yàrá tó kàn mí, ọmọ Yorùbá láti Manchester, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn mi. Ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń kó wa jáde ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kí á lè máa gbọ́ èdè lẹ́nu àwọn èèyàn. Ó ní, "Babe, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ lọ o! Ṣé ààwẹ̀ lo fẹ́ fi kọ́ Spanish ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ bàtà. Kó tó di aago mọ́kànlá mo ti wà nílùú Córdoba, mò ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ìjọ wa kì í jẹ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbàdúrà lórí fóònù. Mummy ní, "Àmín, àmín! Ọmọ mi, ebi ti mú ohùn rẹ lọ. Lọ jẹun." Ebi wo? Mo ti yó bámúbámú! Ẹ wo irú ọmọ tí mo jẹ́.

Irọ́ kì í dá rìn. Mummy bi mí pé níbo ni mo ti ń gbàdúrà, mo ní mo ti rí ilé àdúrà kékeré kan táwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, pé Wòlíì kan wà níbẹ̀ tó ń ríran gan-an. Kò sí ilé àdúrà kankan o. Kò sí Wòlíì. Ọ̀sẹ̀ tá a lọ sí Ronda, mo ti gba àdúrà sílẹ̀ sínú fóònù láti ọjọ́ Ẹtì, mo kàn fi ránṣẹ́ láago mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà tá a lọ sí Málaga, àti ìgbà mélòó kan sí i, títí Mummy fi pè mí lọ́jọ́ kan. "Tamí, kí ló dé tó o fi ń dúpẹ́ fún ọjọ́ Ẹtì nínú àdúrà ọjọ́ Sátidé?" Mo ní ó ti rẹ̀ mí ni, ẹnu mi ló ṣì í. Wọ́n ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, máa pè mí fúnra rẹ. Mi ò fẹ́ àdúrà inú fóònù mọ́."

Ìrìn àjò tó kẹ́yìn ló bà mí jẹ́. Cabo de Gata là ń lọ, etí òkun ni, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé wa káàkiri títí dalẹ́. Mo ṣírò ẹ̀: bó bá lu aago mẹ́fà ní London, orí omi ni màá wà pẹ̀lú ariwo àti orin, lẹ́yìn náà ó di inú bọ́ọ̀sì padà sí Granada. Mi ò lè pe Mummy ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Mo lè sọ òótọ́. Mo lè sọ pé mò ń ṣàìsàn pàápàá. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé: "Mummy, Wòlíì ríran sí yín. Wọ́n rí ewu lójú ọ̀nà yín. Wọ́n ní kí á fa ààwẹ̀ tòní dé aago mẹ́sàn-án." Kò pẹ́ rárá tí wọ́n dáhùn: "Àmín. Tí Olúwa bá ti sọ̀rọ̀, ó parí." Mo fi orúkọ Ọlọ́run ra àyè láti lọ ṣeré lórí omi.

Nígbà tí ọkọ̀ ń padà bọ̀ sí èbúté, aago méje ti kọjá díẹ̀ ní London, oòrùn ṣì ń ràn. Fóònù mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mummy ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́. Mo gbé e sétí. "Tamí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òógùn tútù ti bò mí. Mo wà nílé màmá òyìnbó ní Barnfield, mò ń gbé oúnjẹ fún wọn. Jọ̀ọ́, bá mi bi Wòlíì bóyá mo lè mu tíì oníṣúgà díẹ̀. Tàbí kó o fún mi ní nọ́ńbà wọn, kí n bẹ̀ wọ́n fúnra mi." Mọ́wùnmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́. Ó ní, "Tamí, mumsy ẹ ò gbádùn o! Sọ fún wọn kí wọ́n jẹun, abeg." Mo ní kó má dá sí i. Nọ́ńbà ta ni mo fẹ́ fún wọn? Bí mo bá ní kí wọ́n jẹun, wọ́n á ṣì fẹ́ bá Wòlíì sọ̀rọ̀, àṣírí á sì tú. Ẹ̀yin ará, ohun tí mò ń rò nìyẹn nígbà tí ìyá mi ń kú lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Wòlíì ní rárá o. Wọ́n ní ẹ fara dà á, ó ku díẹ̀." Mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì sí i. Mo pa fóònù.

Yéè! Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń dúró dè. "Ẹ jẹun." Mi ò sọ ọ́.

Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Wọ́n gbé tíì náà sílẹ̀, wọ́n ṣubú, orí wọn gbá sítóòfù. Màmá arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú, tí kò lè dìde fúnra rẹ̀, òun ló tẹ bọ́tìnì ìpè pàjáwìrì tó so mọ́rùn tí ọkọ̀ àwọn aláìsàn fi dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni Mummy ò fi lajú. Mo wọ bàálù dé, mo jókòó tì wọ́n ní ọsibítù, ẹ sì mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mo fa àtàǹpàkò wọn, bí wọ́n ṣe sùn lọ fọnfọn yẹn, mo fi ṣí fóònù wọn, mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó sunkún. Títí dòní, ọwọ́ òsì wọn ò lè di ife mú.

Nígbà tá a wá dúpẹ́, tí Mummy sì ròyìn ìran náà fún ìjọ, Bàbá Adétòkunbọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ baba ìjọ, ẹ ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìran ti rí ewu náà ṣáájú! Bí kì í bá ṣe ààwẹ̀ dé aago mẹ́sàn-án yẹn, òkú là bá gbé." Gbogbo ìjọ jó. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi, mo ní Àmín. Láti ìgbà yẹn, Daddy Ezekiel, tí àwọn náà ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì ń wa bọ́ọ̀sì akérò, ti ń fa ààwẹ̀ dé aago mẹ́sàn-án. Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́. Ẹ̀yin ìjọ, ọ̀la ni ẹ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, láìsí omi, orúkọ Mummy mi ló ṣáájú nínú ìwé àwọn tó fẹ́ gbà á. Dókítà ní kí wọ́n má dán an wò. Mo dín ẹyin fún wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n tì í sẹ́yìn. "Tamí, ààwẹ̀ ló gbà mí là. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ láti àná."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ń fi fóònù pa irọ́ fáwọn òbí yín, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe torí pé mo lọ rí Córdoba ni mo ṣe ń sunkún. Ká ní mo sọ pé mo fẹ́ lọ, Mummy á pariwo mọ́ mi, wọ́n á bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tán. Ẹni tó gbà yín gbọ́ pátápátá ni irọ́ yín lè pa. Ẹni tí kò gbà yín gbọ́ á ti jẹun ní tiẹ̀.

Mummy, mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń mi orí. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé Ọlọ́run lè gba ẹnu òpùrọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe Ọlọ́run. Èmi ni, èmi Tamílọ́rẹ. Bẹ́ ẹ bá ní kí n má padà wọlé yín mọ́, màá lọ. Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ dárí jì mí, mi ò lẹ́nu ẹ̀. Sister Keziah ti gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ jẹun, Mummy. Lẹ́yìn náà, ẹ bínú.